Búrọ́ọ̀ṣì Ìfárùngbọ̀n: Irun Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Sanwó Fún, Kì Í Ṣe Èèkù Rẹ̀

  Ètò ìlera àti ọjà tún ti dé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé àti bírò sítòsí, nítorí ìbéèrè wà fún yín nígbẹ̀yìn.

Ohun kékeré kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: búrọ́ọ̀ṣì tí ọkùnrin fi ń pa ọṣẹ sí àgbọ̀n kó tó fá irùngbọ̀n. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé ìyẹn náà lẹ gbé sórí rédíò?" Ẹ ní sùúrù. Nǹkan yìí kan awọ ojú yín, ó kan ẹ̀jẹ̀ yín, ó kan owó àpò yín, ó sì kan ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dìde o. Ẹ̀yin lẹ ń lọ sọ́jà jù, ẹ̀yin náà lẹ sì sábà máa ń rà á fún ọkọ, fún bàbá, àti fún ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Iṣẹ́ wo ni búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe lójú?

Irun ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa máa ń ká. Bó ṣe ká ní orí náà ló ká ní àgbọ̀n. Tí abẹ bá gé e sún mọ́ awọ jù, ẹnu rẹ̀ á mú bí ẹ̀gún. Nígbà tó bá ń hù padà, á tẹ̀, á sì gún awọ wọlé. Ara á wá máa bá a jà bí ẹni ń bá àjèjì jà: ibẹ̀ á wú, á di kókó kéékèèké, á máa yún, nígbà mìíràn á kún fún ọyún. Ohun tí à ń rí ní ọrùn àti àgbọ̀n ọ̀pọ̀ ọkùnrin nìyẹn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ẹni ò mọ́. Irun tó ká ló ń ṣe é. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, orúkọ tí ẹ ó gbọ́ ni pseudofolliculite.

Búrọ́ọ̀ṣì kì í wo ìyọnu yìí sàn o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ohun tó ń ṣe ni pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tó fi ń pa irun á mú kí irun rọ̀; á gbé irun tó sùn mọ́ awọ dìde; á sì tẹ́ ìfóòfó ọṣẹ sáàárín abẹ àti awọ, kí abẹ lè yọ̀ kọjá. Irun tó ti rọ̀ kò béèrè pé kí ẹ tẹ abẹ mọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá tẹ abẹ mọ́lẹ̀, ọgbẹ́ á dín kù.

Ẹni tí kò lówó búrọ́ọ̀ṣì lè fi ọwọ́ tó mọ́ pa ọṣẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì tó dára máa ń jẹ́ kí ọṣẹ díẹ̀ hó púpọ̀, ìyẹn ni pé ọṣẹ á pẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí kò dára ńkọ́? Irun líle rẹ̀ á máa họ awọ bí ìgbálẹ̀, irun rẹ̀ á máa já sójú, ojú tó ń yún tẹ́lẹ̀ á wá di egbò. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ èyí tí à ń rà.

Orúkọ tó ń tan oníbàárà jẹ

Ní ìlú wa níbí, Faransé ló pọ̀ lára páálí. Blaireau ni Faransé ń pe búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n. Ẹ wá gbọ́ o: orúkọ ẹranko ni blaireau. Ẹranko náà ń gbé inú ihò ilẹ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà, ojú rẹ̀ sì ní ìlà dúdú àti funfun. Irun rẹ̀ rọ̀, ó ń gba omi dúró dáadáa, ó sì wọ́n. Nítorí pé irun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì tó gbayì láyé àtijọ́, orúkọ ẹranko náà di orúkọ búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, irú irun yòówù kó wà lórí rẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé, "Blaireau ni," kó má sì purọ́, síbẹ̀ kí irun rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tàbí irun ẹlẹ́dẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró lórí ọ̀rọ̀ blaireau. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wá lára páálí. Kí ọmọ tó mọ̀wé bá yín kà á. Oríṣi mẹ́rin ni ẹ lè bá pàdé.

Àkọ́kọ́, "poils de blaireau" tàbí "pur blaireau". Wọ́n ń sọ pé irun ẹranko náà gan-an ni. Tí ọjà bá gba Nàìjíríà wọlé, "badger" ni Gẹ̀ẹ́sì á kọ síbẹ̀. Òun ló wọ́n jù. Tí ẹnì kan bá ń tà á fún yín ní iye tí wọ́n ń ta náílọ́ọ̀nù, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ló dé.

Èkejì, "soies de porc" tàbí "soies de sanglier". Gẹ̀ẹ́sì á kọ "boar" tàbí "bristle". Irun ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ilé tàbí ti igbó. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "soie" yìí. Faransé kan náà ń pe aṣọ sílíkì ní "soie". Ẹni tí kò mọ̀ lè fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé "irun bíi sílíkì" ni, nígbà tó jẹ́ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, "crin de cheval" tàbí "poil de cheval". Irun ẹṣin ni. Kì í le tó ti ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, "fibres synthétiques" tàbí "nylon". Irun àtọwọ́dá ni, ilé iṣẹ́ ló ṣe é, kò ti ara ẹranko kankan wá.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ̀yin tẹ pọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kejì yẹn kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àwọn búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹranko, irun ẹlẹ́dẹ̀ ló wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò wọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó kan ojú òun, kó má kàn gbé blaireau lórí àtẹ nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn. Ohun tí ẹ̀sìn sọ lórí rẹ̀, iwájú alùfáà yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tiwa ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ rà.

Ìtàn kan tó pa èèyàn

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn ọmọ ogun ń lo ìbòjú kí afẹ́fẹ́ olóró má bàa pa wọ́n. Ìbòjú náà kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ojú onírùngbọ̀n, nítorí náà wọ́n ní láti máa fárùngbọ̀n. Búrọ́ọ̀ṣì wá di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ogun ti dí ọ̀nà ọjà, irun blaireau sì ṣòroó rí. Àwọn kan bá fi irun ẹṣin tó wá láti Éṣíà ṣe é, wọ́n ṣe é kó jọ irun blaireau, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú.

Wọn kò fọ àwọn irun kan bó ṣe yẹ. Kòkòrò àrùn kan ti wà nínú wọn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní anthrax, tí Faransé ń pè ní charbon, nítorí egbò tó ń dá sára èèyàn máa ń dúdú bí èédú. Kòkòrò yìí lè sùn sínú irun àti ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ọkùnrin á fárùngbọ̀n, abẹ á há a lára díẹ̀, kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé. Láàárín 1915 sí 1924, ó ju 200 èèyàn lọ tí búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kó àrùn yìí bá ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ogun àti ará ìlú pa pọ̀. Àwọn kan kú nínú wọn. Ní 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dá búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tó ń bọ̀ láti Jàpáánù dúró.

A kò sọ ìtàn yìí láti dẹ́rù bà yín. Lónìí, ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fọ irun, wọ́n sì máa ń pa kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Ẹ má fi irun màlúù, ewúrẹ́ tàbí ẹṣin ṣe búrọ́ọ̀ṣì nílé, pàápàá ti ẹran tó kú fúnra rẹ̀. Àrùn charbon kò tíì kúrò láàárín ẹran ọ̀sìn wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní 2023 wọ́n rí i lára ẹran ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ má ra búrọ́ọ̀ṣì àlòkù, bó ti wù kí èèkù rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìdánwò mẹ́fà níwájú àtẹ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Ouando, Adjarra, tàbí Dantokpa ní Kútọnu. Ẹ kà á lórí ìka.

Ìkíní: ẹ la irun rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ya irun sọ́tọ̀ bí ẹni fẹ́ dirun fún ọmọdé. Tí irun bá kún, ìdí rẹ̀ kò ní í tètè hàn. Tí ẹ bá rí ìdí gbalaja, tí ẹ rí àtè tó gbẹ síbẹ̀, irun rẹ̀ fọ́nká ni. Kò ní í lè gbé omi àti ọṣẹ dúró.

Ìkejì: ẹ fà á. Ẹ fi ìka gbá irun rẹ̀ mú, kí ẹ fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí irun kan tàbí méjì bá jáde, kò burú, tuntun ni. Tí ó bá ń tẹ̀ lé yín lọ́wọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n bọ sómi gbígbóná, ẹ gbé e padà. Àtè ìdí rẹ̀ kò mú.

Ìkẹta: ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ la wí o, kì í ṣe ojú, nítorí ẹ kò mọ ẹni tó ti dán an wò ṣáájú. Ẹ yí i po. Tó bá ń gún yín bí ìgbálẹ̀, ẹ rò ó wò bí yóò ṣe rí ní ọrùn tó ti bó. Tí ẹ bá gbé e kúrò, ó yẹ kí irun náà dìde padà. Èyí tó bá sùn sílẹ̀ bí koríko tí ewúrẹ́ tẹ̀, kò lágbára.

Ìkẹrin: ẹ gbóòórùn rẹ̀. Irun ẹranko lè ní òórùn díẹ̀, ìyẹn á lọ lẹ́yìn tí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan. Ṣùgbọ́n tó bá ń rùn bí ohun tó bu, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ tún fi ìwé ìnujú funfun tó tutù nu irun rẹ̀. Tí àwọ̀ bá jáde, aró ni wọ́n pa sí i lára. Irun tí wọ́n ń pa láró kó lè jọ irun mìíràn, ẹ rántí ìtàn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìkarùn-ún: ẹ dáná sun ẹyọ kan. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì kúrò nídìí ọjà rẹ̀. Ẹ mú irun kan tó já, kí ẹ ṣá ìṣáná sí i. Irun ẹranko á rùn bí irun orí tó jóná, á sì di eérú tó ń fọ́ lọ́wọ́. Náílọ́ọ̀nù á yọ́, á ká jọ, á sì di kókó líle bí ike. Ìdánwò yìí kò lè sọ fún yín bóyá ti ẹṣin ni tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sá fún irun ẹlẹ́dẹ̀, tó sì rí i pé irun náà yọ́ bí ike, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìkẹfà, tó gbẹ̀yìn: ẹ wo èèkù, ìyẹn ibi tí a ń dì mú. Ṣé ó dúró lórí tábìlì láìṣubú? Ṣé kò ní í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tó ní ọṣẹ? Tó bá jẹ́ igi, ṣé kò sí ibi tó ti sán lára rẹ̀? Omi á wọ ibi tó sán, àtè á tú. Ike lásán dára tó.

Kí ló dé tí a fi èèkù sígbẹ̀yìn? Nítorí pé òun ni olówò fi ń pè yín. Èèkù tó ń dán, àpótí tó ní fèrèsé, irin ìgbéró tó jọ wúrà. Kò sí èyí tó kan ojú yín nínú wọn. Irun ló ń kan ojú.

Ká pín owó tó wà lọ́wọ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 3,000 fáràǹ ni ẹnì kan ní fún gbogbo ohun ìfárùngbọ̀n. Kó má kó gbogbo rẹ̀ lé búrọ́ọ̀ṣì. Abẹ tuntun tó mú ni kó kọ́kọ́ rà, nítorí búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù láyé kò lè gba ojú lọ́wọ́ abẹ tó kú. Lẹ́yìn náà, kó ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kún, kí èèkù rẹ̀ má ṣe ní ọ̀ṣọ́ kankan. Kó wá ra ọṣẹ tí kò ta ojú. Ife ìpọnṣẹ? Ife ilé tó ti sán létí tó o.

Irú irun wo la lè gbà yín nímọ̀ràn láti rà? Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, irun àtọwọ́dá tó rọ̀ ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti rọ̀, kì í béèrè pé kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, ó tètè ń gbẹ, kò sì sí pé irun ẹran wo ni. Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo náílọ́ọ̀nù ló rọ̀. Àwọn kan nípọn bí irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ. Ìdánwò ẹ̀yìn ọwọ́ á fi hàn yín.

Ẹni tí irun ẹlẹ́dẹ̀ kò bá jẹ́ ìṣòro fún lè rà á, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ó le ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó rẹ ẹ́ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tó lò ó. Bó ti ń lò ó lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹnu irun náà á máa là, á sì máa rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà. Búrọ́ọ̀ṣì 1,000 fáràǹ tó ń wọ́ irun sílẹ̀, tí ẹ ní láti pààrọ̀ ní oṣù méjì-méjì, 6,000 ni yóò jẹ láàárín ọdún kan. Èyí tó jẹ́ 2,500 tó sì lo ọdún méjì, 1,250 ló jẹ lọ́dún kan. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì?

Búrọ́ọ̀ṣì kan, ojú kan

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlera ti wúwo jù nìyí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé kò dára ká jọ máa lo abẹ. Àmọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ abẹ, tí wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà pa ọṣẹ fún ẹni mẹ́wàá, ṣé wọ́n pọ̀ àbí wọn kò pọ̀? Abẹ máa ń há èèyàn lára láìṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Tí onígbàjámọ̀ bá tún fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọṣẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lè bá irun rẹ̀ lọ. Inú irun búrọ́ọ̀ṣì jìn, ó sì ń tutù. Omi tí wọ́n fi ṣàn án lórí kò dé ìdí.

Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hépatite B wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré gan-an lè gbé e, ó sì lè wà láàyè níta ara èèyàn fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò mọ̀, nítorí kò tíì dùn wọ́n. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Làpálàpá àti àwọn àrùn awọ mìíràn náà lè ti ojú kan bọ́ sí òmíràn.

"Ṣé a kò lè fi omi Javel fọ̀ ọ́ ni?" Omi Javel tó lágbára á jẹ irun, á sì jẹ àtè. Ẹ ò ní í mọ̀ bóyá ó dé ìdí. Omi híhó náà á tú àtè. Abẹ ṣeé jù nù, irin ṣeé fi ọtí ilé ìwòsàn nù, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kò ṣeé fọ̀ mọ́ dé ibi tí ẹni méjì á fi lè jọ lò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé búrọ́ọ̀ṣì kan, ojú kan. Bàbá ní tirẹ̀, ọmọ ní tirẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò gbọdọ̀ jọ lò ó.

Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ yín dání nínú aṣọ tó mọ́. Ẹ kò ní láti bá a jà. Ẹ rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ni kí ẹ bá mi lò." Onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní í bínú. Tí ẹ bá gbàgbé tiyín sílé, ẹ ní kó fi ọwọ́ tó fọ̀ pa ọṣẹ fún yín. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí wọ́n fi ń gbá irun kúrò lọ́rùn ńkọ́? Tí abẹ bá ti há yín lọ́rùn, ẹ má jẹ́ kó kàn yín.

Ẹ̀yin onígbàjámọ̀ wa náà, a kí yín o. A kò fẹ́ ba ọjà yín jẹ́. Ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ yìí di èrè: ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú tó dára jọ, kí ẹ máa tà á fún oníbàárà yín, kí kálukú mú tirẹ̀ lọ sílé. Oníbàárà tó rí i pé ẹ ń ṣọ́ ara òun á padà wá, á sì mú ẹlòmíràn dání.

Ẹ tún béèrè ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín nípa àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára hépatite B. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú àwọn tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ.

Bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú kí irun rọ̀. Ẹ pa ọṣẹ, kí ẹ máa yí búrọ́ọ̀ṣì po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ìfóòfó á fi bo irun. Ibi tí irun kọrí sí ni kí abẹ kọrí sí, ẹ má fá a sẹ́yìn. Ẹ má na awọ, ẹ má fá ibì kan náà léraléra. Ẹ máa ṣan abẹ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 5 sí 7. Tí kókó bá ti pọ̀ tó sì ń ṣe ọyún, ẹ dá abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì dúró ná, ẹ jẹ́ kí irùngbọ̀n hù, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ọ̀rá abóra pa á.

Tí ẹ bá parí, ẹ ṣan búrọ́ọ̀ṣì títí ọṣẹ á fi tán nínú rẹ̀. Ẹ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má fi í sínú ife omi di ọjọ́ kejì, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá nígbà tó tutù. Níhìn-ín ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, òjò kì í jẹ́ kí nǹkan tètè gbẹ. Àsìkò yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì máa ń bu. Tí ẹ bá rí àmì dúdú nínú irun rẹ̀, tàbí tó ń rùn lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹ jù ú nù.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Kí olórí ẹgbẹ́ ka ìwọ̀nyí sókè, kí ẹ jọ jíròrò.

1. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ "blaireau" lára páálí kò tó láti sọ irú irun tó wà lórí búrọ́ọ̀ṣì?

2. Nínú ìdánwò mẹ́fà tí a kà, èwo ni ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀? Kí ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kan ṣe é lójú gbogbo ẹgbẹ́.

3. Onígbàjámọ̀ mélòó ló wà ládùúgbò yín? Ta ni nínú ẹgbẹ́ tó lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìkan ẹnikẹ́ni lábùkù?

4. Ní ilé yín, ẹni mélòó ló ń lo búrọ́ọ̀ṣì kan?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin ni kí ẹ mú ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Tó bá ju ẹnì kan lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ó rà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.